Kọ̀ǹténà tòkúnbọ̀: ibi tí àdéhùn Basel ti ń mú èèyàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n àlòkù ni a fẹ́ kó. Ejẹ́ǹtì ní tí a bá ti kọ "àlòkù" sínú ìwé ẹrù, ó ti parí. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹténà ni aṣọ́bodè ń wò. Ẹ̀rọ tó ti kú, pàǹtí ni. Àdéhùn Basel ni àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí kíkó pàǹtí kọjá ibodè. Láti oṣù kìíní ọdún 2025, lábẹ́ rẹ̀, gbogbo pàǹtí ẹ̀rọ iná, ì báà ní májèlé, ì báà má ní, ti wọ abẹ́ ìlànà ìyọ̀ǹda: orílẹ̀-èdè tí ẹrù ń lọ gbọ́dọ̀ fi ìwé gbà kí ọkọ̀ tó gbéra, kí àwọn tí ọkọ̀ máa gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Kí ẹrù yín tó lè jẹ́ àlòkù, ẹ dán ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò, kì í ṣe mẹ́ta nínú ogún. Iná tó tàn lásán kò tó. Kí ó ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ẹ lẹ ìwé àyẹ̀wò mọ́ ọn lára, èyí tó ṣeé ṣí: orúkọ ẹ̀rọ, nọ́ńbà rẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é, orúkọ àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ tó dán an wò, ọjọ́, ohun tí wọ́n dán wò àti àbájáde. Ẹ fi rísíìtì tó sọ pé lílò ni wọ́n fẹ́ lò ó kún un, àti ìwé tí ẹ fọwọ́ sí pé kò sí pàǹtí níbẹ̀.

Dídì ẹrù ló ń bà á jẹ́ jù. Bí ẹ bá to tẹlifíṣọ̀n lérí ara wọn láìfi nǹkan rírọ̀ sáàárín, ìwé àyẹ̀wò kò ní gbà yín. Ẹni tó fẹ́ kí ẹrù rẹ̀ ṣiṣẹ́ kì í dì í báyẹn. Bátìrì ọkọ̀ tó ti kú náà, ẹ má kì í bọ àlàfo kankan: pàǹtí eléwu ni, nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àdéhùn náà ni A1160.

Bí wọ́n bá kó pàǹtí lọ́nà tó lòdì sí àdéhùn, tó sì jẹ́ pé ẹni tó kó ẹrù ló jẹ̀bi, láàárín 30 ọjọ́ tí ìròyìn bá dé orílẹ̀-èdè tó ti gbéra ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á padà. Irọ́ tí ejẹ́ǹtì pa láti rí ìyọ̀ǹda gbà, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú kíkó pàǹtí láìgba ìyọ̀ǹda.

Ìbéèrè: Amẹ́ríkà ńkọ́? Wọn ò sí nínú àdéhùn Basel, àbí?

Ìdáhùn: Wọ́n fọwọ́ sí i, wọn ò fi òǹtẹ̀ lù ú, nítorí náà wọn ò sí nínú rẹ̀. Ìyẹn ló wá le jù, ẹ̀gbọ́n: orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn kò gbọdọ̀ gba irú pàǹtí yìí lọ́wọ́ èyí tí kò sí níbẹ̀, àyàfi bí àdéhùn mìíràn bá wà láàárín wọn. Ẹ má gbára lé ìwé ìyọ̀ǹda rárá. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nìkan ni kí ẹ kó.