"Àfimu" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "ìsopọ̀"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Adó Èkìtì fẹ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ sílé láti tọ́ oríṣi wísíkì mẹ́ta wò, oúnjẹ kékeré á sì wà fún ìgò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bi wá léèrè ohun tí à bá máa pe oúnjẹ náà, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "pairing". Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ti jáde: ìsopọ̀, ìbámu, àfimu.

Ìsopọ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Okùn là ń so pọ̀, wáyà iná là ń so pọ̀. Ìbámu dùn létí, ṣùgbọ́n "ní ìbámu pẹ̀lú òfin" ti gbà á mọ́ wa lọ́wọ́ tipẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, kóòtù ló máa rántí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí a ti ń sọ ọ́ kí wísíkì tó dé. Ẹ̀pà la fi ń mu gàrí, àkàrà la fi ń mu ẹ̀kọ, ẹ̀fọ́ la fi ń jẹ iyán. Ohun tí "fi" bá gbé dání, ìránṣẹ́ ni. Ohun tí a mu tàbí tí a jẹ ni ọ̀gá. Sọ ọ́ l'Ékìtì pé o fi iyán jẹ ẹ̀fọ́, kí o wo bí wọ́n á ṣe wò ọ́! Ìsopọ̀ ò sọ ẹni tí í ṣe ọ̀gá. Àfimu sọ ọ́: wísíkì ni wọ́n wá mu. A sì ti ní àfikún àti àfirọ́pò, kò ṣàjèjì láàrin wọn.

Ẹnì kan ní àgúnmu ló máa wá sọ́kàn àwọn àgbà, torí ẹ̀kọ gbígbóná la fi ń mu ún. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀yìn mi ni ọ̀rọ̀ yẹn wà. Níbẹ̀, ohun mímu ló di ìránṣẹ́, oògùn ni ọ̀gá. "Fi" ò béèrè èwo ló ṣàn, èwo ló le.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà dé orí tábìlì. Ìgò kìíní, Laphroaig, láti erékùṣù Islay ní Skọ́tlándì. Ilẹ̀ àbàtà, tí ewéko ti jẹrà sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni wọ́n ń gbẹ́, wọ́n á sá a, wọ́n á fi dáná gbẹ ọkà bálì, èéfín á sì wọnú ọkà. Àfimu rẹ̀ ni ẹja tàbí ẹran ìgbẹ́ tó ti pẹ́ lórí ààrò. Ìgò kejì, bourbon Amẹ́ríkà: òfin wọn ní àgbàdo gbọ́dọ̀ kó ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ọkà rẹ̀, ó kéré tán, kó sì wọ àgbá tuntun igi oak tí wọ́n ti fi iná jó nínú. Àádùn ni mo bù fún un, àgbàdo pàdé àgbàdo. Kí alásè má fi ata sí i o! Ata pẹ̀lú ọtí tí agbára rẹ̀ tó ìdá 40, ẹnu á máa jó, kò ní mọ adùn mọ́. Ìgò kẹta gba inú àgbá wáìnì ṣẹ́rì kọjá. Ẹ̀pà sísun tó o.

Ní ti orúkọ ìpéjọ náà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "tasting", ìtọ́wò ti tó, kì í ṣe "ìtọ́lá". Ọbẹ̀ là ń kán sí àtẹ́lẹwọ́ lá. Wísíkì, imú la kọ́kọ́ ń fi sẹ́nu ife. Ẹnu Èkìtì lè pè é ní ùtọ́wò, bí ilé ṣe ń di ulé, tí iyán ń di uyán. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì di ìsopọ̀ mú, kó ké sí ọmọ tó wà ní kíṣìnì pé, "Bá mi gbé ìsopọ̀ wá." Èmi á ní, "Bá mi gbé àfimu wá." Kí ẹ wá kọ ohun tí ọmọ náà gbé dé ránṣẹ́ sí wa.