Re: "Ìṣíkiri dátà": èmi fara mọ́ "àdàkọ"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ká máa pe kíkó dátà látinú dátábéèsì àtijọ́ bọ́ sínú tuntun ní "ìṣíkiri dátà", torí ìṣíkiri náà là ń lò fáwọn èèyàn tó ń ti ìlú kan lọ sí òmíràn. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. "Kiri" yẹn ló ń dà mí láàmú. Ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ ò mọ ilé tí wọ́n ti máa pè é, àmọ́ dátà tá a fẹ́ gbé látorí MySQL 5.7 (MySQL ni ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì) lọ sórí 8.0, ẹ̀yà ẹ̀ tó tuntun ju ìyẹn lọ, a ti mọ ibi tó ń lọ kó tó gbéra.

Àwa tá a wà nídìí ẹ̀, "kó" la máa ń sọ. "Ṣé o ti kó o?" "Mo ti kó o." Èmi náà ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ti kó wa sí wàhálà rí. Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe, àbúrò wa kan fi mysqldump, irinṣẹ́ MySQL tó ń gbé dátà jáde sínú fáìlì, kó orúkọ àwọn oníbàárà, ó ka iye ìlà, ó pé pérépéré, ló bá pa ti àtijọ́ rẹ́. Mi ò dá a lẹ́bi, torí lédè wa téèyàn bá ti kó kúrò nílé, ilé yẹn ti ṣófo nìyẹn, ó ku kó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé. Ìgbà tá a wá ṣí i, "Adébọ́lá" ti di "Adéb??lá". Àṣẹ tó tẹ̀ ti sọ pé latin1, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí wọ́n ṣe fáwọn èdè Yúróòpù kan, ni kó fi gbé e jáde, latin1 sì mọ é àti á torí èdè Sípáníìṣì ń lò wọ́n, àmọ́ kò mọ ọ, kò mọ ẹ, kò mọ ṣ. Àmì ìbéèrè kan dípò ọ, ọ̀kan dípò àmì ohùn tó wà lórí ẹ̀, iye ìlà ò sì lè fi ìyẹn hàn yín láéláé.

Ìdí tí mo fi ní ká pè é ní "àdàkọ dátà" nìyẹn. Ẹni tó bá da ìwé kọ, méjì ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì máa gbé èyí tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wò, kó kà wọ́n pọ̀ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀ kó tó gbé ti àtijọ́ kúrò ńlẹ̀.

Téèyàn bá wá gbé 8.0 lé orí 5.7 níbi tó wà, ìyẹn kì í ṣe àdàkọ, dátà ò kúrò lójú kan, "ìgbéga lójú kan" ni màá pe ìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún un o, torí 8.0 ò ṣeé dá padà sí 5.7, àfi tẹ́ ẹ bá ti ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ẹ̀ ló kù. "Mo ti dà á kọ" dùn létí mi, ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dùn létí yín?