Òfin Mẹ́wàá lára ògiri kíláàsì ọmọ mi ní Texas

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará wa tó mọ òfin Texas. Mùsùlùmí ni wá. Láti oṣù kẹsàn-án 2025 tí òfin Texas tí wọ́n ń pè ní SB 10 ti bẹ̀rẹ̀ ni Òfin Mẹ́wàá ti wà lára ògiri kíláàsì ọmọ mi, íǹṣì 16 sí 20, gbàgàdà. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé. Ó ní ẹnì kan ló fi tọrẹ, òfin sì ní kí àwọn gbé e kọ́. Mo tọ́ka sí ẹjọ́ Stone v. Graham ti 1980, níbi tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fagi lé irú òfin yìí ní Kentucky. Kò fèsì mọ́. (Ànábì Músá kọ́ ni mò ń bá jà o, ìjọba ni!) Ní oṣù kẹjọ 2025, adájọ́ kan dá àwọn dísíríìkì ilé ìwé kan lẹ́kun láti gbé e kọ́, ṣùgbọ́n tiwa kò sí nínú ẹjọ́ náà. Ṣé àṣẹ yẹn kàn wá, àbí àfi kí àwa òbí pe ẹjọ́ tiwa?