Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí oyún àbúrò mi

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Oyún àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Òmù-Àrán, ti pé oṣù méje, ìfúnpá rẹ̀ sì jẹ́ 150/100 nígbà méjèèjì tí agbẹ̀bí wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ 140/90 gan-an ti ga jù fún aláboyún. Agbẹ̀bí náà, ẹni tó fi sùúrù jókòó tì í títí ẹkún rẹ̀ fi dá, ní kó lọ rí dókítà ní Ìlọrin lọ́la, ó sì kìlọ̀ pé bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi, tí ojú rẹ̀ ń ríran bàìbàì, tàbí tí òkè ikùn ń dùn ún, kí wọ́n má ṣe dúró kí ilẹ̀ mọ́ rárá.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ni kò gbà. Wọ́n ní àgbo ni àwọn fi bí ọmọ mẹ́fà. (Màmá náà fẹ́ràn rẹ̀ dénú o, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.) Ṣé kí á bẹ agbẹ̀bí kó wá bá wọn sọ̀rọ̀ nílé ni, àbí ọkọ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ dá sí i? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà níbí, ọ̀rọ̀ wo lẹ fi máa ń tu irú àgbà bẹ́ẹ̀ lójú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn lálẹ́ òní.