Ohun tí wọ́ọ̀dù fi yé mi nípa sẹ́ẹ̀lì: ẹ bá mi sọ tiyín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ PTS, ìpele àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Lálẹ́ àná ló pè mí tẹkúntẹkún. Wọ́n ní kí wọ́n ya sẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sì dárúkọ ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. Ó ti ń há a sórí láti ìrọ̀lẹ́, bó ṣe ń wọlé ló ń jáde. Ó ní, "Àǹtí mi, ta ló fẹ́ bi mí ní mitochondria níbi tí mo ti ń di ojú egbò fún aláìsàn?"

Mi ò bá a wí. Èmi náà bi ara mi ní irú ìbéèrè yẹn ní ọdún 14 sẹ́yìn. Àpò omi kan ló dá mi lóhùn.

Ọdún kejì mi ni, iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà, ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n gbé bàbá kan wọlé tó ti ń ṣu omi láti àárọ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ahọ́n rẹ̀ gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Sísítà wa ní kí n sáré mú normal saline wá, ìyẹn omi iyọ̀ tí a ń fà sára aláìsàn. Iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo tàn wọ yàrá tí a ń kó ẹrù sí. Àwọn àpò omi tò lórí pẹpẹ, gbogbo wọn mọ́ gaara, gbogbo wọn jọra. Mo mú èyí tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà. Mo ti so okùn díríìpù mọ́ ọn, mo ti gbé e kọ́, kí sísítà tó di ọwọ́ mi mú. Ó yí àpò náà síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Kà á sókè." Mo kà á: Water for Injection. Omi lásán tí a fi ń po oògùn. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Kò pariwo mọ́ mi. Ó gbé normal saline kọ́ fún bàbá, ó dúró tì wọ́n títí ara wọ́n fi rọ̀. Ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́ kó tó pè mí sídìí tábìlì. Ó bu omi lásán sínú túùbù kan, ó bu normal saline sínú èkejì, ó ní kí n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá òun, ó sì kán an sínú méjèèjì. Nígbà tó yá, ó fi ìwé ìròyìn sẹ́yìn wọn. Ti normal saline rú bí omi ẹrẹ̀, mi ò rí lẹ́tà kankan gba inú rẹ̀. Ti omi lásán pupa, ṣùgbọ́n ó mọ́ bíi sóbò tí a sẹ́, mo ń ka àkọlé ìwé ìròyìn náà láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé o rí i? Kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan níbẹ̀ mọ́. Gbogbo wọn ti bẹ́."

Ibẹ̀ ni awọ sẹ́ẹ̀lì ti yé mi. Sẹ́ẹ̀lì ewéko ní ògiri tó yí awọ rẹ̀ ká, tiwa kò ní. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọlọ́ràá, ìpele méjì péré, ni gbogbo ààbò rẹ̀. Omi a máa gba inú awọ yẹn kọjá, iyọ̀ kì í ṣàdédé gbà á. Ibi tí iyọ̀ bá ti pọ̀ ni omi ń wọ́ lọ. Bí omi lásán bá wá yí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ká, ńṣe ni omi á máa rọ́ wọlé, sẹ́ẹ̀lì á wú títí á fi bẹ́. Gíráàmù 9 iyọ̀ nínú lítà omi kan ni normal saline, òun la ń pè ní 0.9%. Ó bá inú sẹ́ẹ̀lì dọ́gba, kò fa omi wọlé, kò fà á jáde. Bó bá jẹ́ 3%, omi ni yóò máa jáde, sẹ́ẹ̀lì á sì hunjọ.

Mo wá rántí iṣu tí tíṣà báólójì wa gbẹ́ ihò sí nínú ní SS2. Ó da omi iyọ̀ sínú ihò náà, ó gbé iṣu sínú abọ́ omi, nígbà tó di ọjọ́ kejì omi inú iṣu ti ga sí i. A kọ osmosis sínú ìwé, a gba máàkì, ó parí síbẹ̀. Ta ló mọ̀ pé iṣu yẹn ṣì máa pàdé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọjọ́ wo ni sẹ́ẹ̀lì yé yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kí àbúrò mi lè rí i kà.

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọmọdé

Àǹtí, ẹ ṣeun. Omi iyọ̀ òun ṣúgà ni tèmi.

Ìyá kan gbé ọmọ oṣù 11 wá, ọjọ́ kẹta tí ọmọ ti ń ṣu gbuuru nìyẹn. Ó ní omi ṣúgà lòún ń fún un. Mo ní iyọ̀ ńkọ́? Ó ní ìyá ọkọ òun sọ pé iyọ̀ á mú ara ọmọ gbẹ, ṣúgà ló ń fún ọmọ lágbára. Tẹ́lẹ̀, màá kàn sọ pé "ẹ fi iyọ̀ sí i," màá sì kọjá lọ. Lọ́jọ́ yẹn mo fa àga, mo jókòó tì í.

Ẹnu ọ̀nà kan wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì ìfun tí sodium (ti inú iyọ̀) àti glucose (ti inú ṣúgà) jọ ń gbà wọlé, SGLT1 ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan kì í dá gba ibẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá wọlé, omi á tẹ̀lé wọn. Mo ní, "Màmá, bí ìbejì ni wọ́n. Táíwò ò ní wọlé kó fi Kẹ́hìndé sílẹ̀ níta. Ẹ sì ti ń rán Táíwò nìkan láti ọjọ́ mẹ́ta." Mo sọ fún un pé ṣúgà tó pọ̀ jù tún máa ń fa omi ara ọmọ wá sínú ìfun. Ó wo ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wọn iyọ̀ náà kí n rí bó ṣe rí." A jọ wọ̀n ọ́n ni: ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, lítà omi kan tó mọ́. A fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kó tẹ́jú, nítorí iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fún ọmọ.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti onígbáméjì. Májèlé kòkòrò náà á mú kí sẹ́ẹ̀lì ìfun máa da omi síta láìdúró, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà Táíwò àti Kẹ́hìndé kì í bàjẹ́. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ORS, àpò iyọ̀ òun ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, ń bá wọlé. Láti ọdún 2002 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ní kí sodium inú rẹ̀ jẹ́ 75 ní òṣùwọ̀n mmol nínú lítà kan, kí glucose náà jẹ́ 75. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ṣe é ní iye kan náà.

SS ni mí, nọ́ọ̀sì sì ni mí

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, orúkọ méjì ni mo mọ àìsàn mi, SS tí wọ́n ń pè ní sickle cell, mọ́. Àwọn ará ilé ń pè é ní fòníkúfọ̀ladìde. Ìyá àgbà ní àbíkú ni mí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 16, nọ́ọ̀sì kan wò mí níbi tí mo ti ń yí kiri lórí ibùsùn, ó ní, "O ti ń ṣàṣejù." Mi ò gbàgbé rẹ̀ títí dòní.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní núkílíọ̀sì àti ribosome, mo sunkún ní kíláàsì. Inú núkílíọ̀sì ni ìlànà wà, ribosome ló ń fi ìlànà náà hun protein. Nínú ìlànà hemoglobin tèmi, ìyẹn protein tó ń gbé ọ́síjìn nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, ohun kan ṣoṣo ló yí padà. Níbi kẹfà lára okùn beta, ọ̀kan nínú àwọn okùn tó para pọ̀ di hemoglobin, tó yẹ kí ègé tí a ń pè ní glutamic acid wà, ègé mìíràn, valine, ló wà níbẹ̀. Mo gba ìlànà tó yí padà yẹn kan lọ́dọ̀ bàbá mi, mo gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹnikẹ́ni ò fi mí bú, mi ò sì lọ kí n tún padà wá.

Bí ọ́síjìn bá dín kù, hemoglobin yẹn á so mọ́ra wọn bí okùn, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rọ̀ kó sì rí róbótó á le, á tẹ̀ bíi dòjé. Á há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín, ẹran ara tó wà níwájú kò ní rí ọ́síjìn. Ìrora yẹn nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹlòmíì ń gbé tó ọjọ́ 120, tèmi ọjọ́ 10 sí 20.

Àǹtí, ti omi tí ẹ sọ yẹn ló mú mi kọ̀wé. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pariwo "mu omi, mu omi" sí mi létí. Mo rò pé ìjà lásán ni. Àṣé bí omi bá kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì mi, hemoglobin inú rẹ̀ á fún mọ́ra, wọ́n á sì tètè so kọ́ra. Ní báyìí, bí mo bá gba aláìsàn SS wọlé, mo máa ń gbé ike omi síbi tí ọwọ́ rẹ̀ á tó o. Mo sì máa ń bi í pé, nínú 10, mélòó ni ìrora náà? Iye tó bá sọ ni mò ń kọ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ICU (wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an), ọkùnrin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìforítì. Tèmi ò gùn.

Èsì ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan dé láti láàbù, potassium, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 7.1. Gbogbo wa ta gìrì, nítorí iye yẹn lè dá ọkàn dúró. Ṣùgbọ́n ọkàn aláìsàn ń lù geere lójú ẹ̀rọ, kò sí ohun tó yàtọ̀ nínú ECG rẹ̀, àwòrán bí ọkàn ṣe ń lù. Mo bi ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ náà bó ṣe fà á. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ló lò, ó fi agbára fa sírínjì, ó tún mi túùbù náà jìgìjìgì. Mo tún un fà jẹ́jẹ́, èsì jẹ́ 4.2.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ni potassium ń gbé. Ó tó 140 nínú lọ́hùn-ún, níta kò ju 3.5 sí 5 lọ. Ẹ̀rọ kan wà nínú awọ tó ń tú sodium 3 síta, tó ń kó potassium 2 wọlé, tọ̀sántòru. Bí ẹ bá fọ́ sẹ́ẹ̀lì nínú sírínjì, potassium tó wà nínú rẹ̀ lẹ ó kà gẹ́gẹ́ bíi ti aláìsàn. Nítorí ìṣirò yìí kan náà la kì í fi fún ẹnikẹ́ni ní potassium chloride lábẹ́rẹ́ tààrà: a ó pò ó, a ó sì jẹ́ kó máa kán díẹ̀díẹ̀.

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀

Ẹ ṣé gan-an, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ SS. Nọ́ọ̀sì tó sọ bẹ́ẹ̀ sí yín ò ṣe dáadáa rárá.

Mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó fi àwòrán tuntun ránṣẹ́ padà ní aago 11 alẹ́. Awọ ló kọ́kọ́ fà, ìlà méjì, ó ya ilẹ̀kùn kékeré sí i, ó kọ Táíwò sí ẹ̀gbẹ́ kan, Kẹ́hìndé sí ìkejì. Núkílíọ̀sì wà níbẹ̀, ribosome wà níbẹ̀. Golgi nìkan, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń di ẹrù rẹ̀, ló fò. Ó ní òun ò tíì rí ìtàn kankan tó máa jẹ́ kí òun rántí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kílíníìkì àtọ̀gbẹ, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń di insulin ká tó tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ọ́. Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò wọn.