Àbọ̀ rèé: switch mẹ́ta tó kọ̀ láti ṣọ̀kan

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo bèèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa switch Cisco 3750 mẹ́ta (àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra) tó wà lọ́fíìsì wa ní Broad Street: ìkẹta kọ̀ láti wọ inú stack, ìyẹn switch tí a so pọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan; bí iná bá sì ti lọ, master, ìyẹn èyí tó ń darí ìyókù, á tún yí padà.

Ẹni tó ní kí n wo IOS, ètò tó ń darí switch, ló jàre. Mo tẹ "show switch", "Version Mismatch" (IOS rẹ̀ ò bá tàwọn yòókù mu) ló hàn lára ìkẹta gbangba. Mo fi IOS kan náà sí i, mo pa á, mo tún un tàn, ó wọlé. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni mo fi ń darí gbogbo wọn báyìí.

Priority 15, nọ́ńbà tó ga jù lọ fún yíyan master, tí ẹ ní kí n fún ìkínní, ààbọ̀ iṣẹ́ ló ṣe. Ìkejì ò gbé ipò sílẹ̀ àfìgbà tí mo tún gbogbo wọn tàn. Ni iná bá tún lọ lọ́jọ́ Ẹtì, master tún yí! Àṣé ìkejì nìkan ló wà lórí ínfátà. Ọba tó wà láàyè kì í gbé adé sílẹ̀ torí pé àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ínfátà kan, wàhálà parí.

Ó ku wáyà stack kan, irú èyí tó ń so switch kan mọ́ èkejì. Méjì péré la ní, òrùka tó yẹ kó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíká ò tíì pé; bí ọ̀kan bá já, stack á pín sí méjì. Mo ń lọ wá a ní Computer Village lọ́la. Ẹ ṣeun.