Kétu tàbí Àjàṣẹ́: níbo ni kí a kọ́ ilé-iṣẹ́ gàrí wa sí?

Ìyá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, Kétu

Mo kí gbogbo yín. Àwa obìnrin mẹ́tàdínlógún kan ní agbègbè Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ti ń yan gàrí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, a sì ti dáwó jọ báyìí láti kọ́ ilé kan ṣoṣo tí a ó ti máa rin ẹ̀gẹ́, tí a ó ti máa fún un, tí a ó sì ti máa yan án. Owó wa kò lè kọ́ méjì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rù àṣìṣe. Ilẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi lọ̀ wá: ọ̀kan wà láàárín oko, lójú ọ̀nà Idigny, ọ̀kan wà létí títì ọ̀dà nínú ìlú Kétu, ẹ̀kẹta wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kò jìnnà sí ọjà Ouando, níbi tí àwọn oníbàárà wa pọ̀ sí jù. Àwọn kan ní ibi tí owó wà ni kí a lọ, àwọn kan ní ibi tí ẹ̀gẹ́ wà ni. A ti jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ariwo la sì fi ń tú ká. Ǹjẹ́ ìṣirò kan wà tí a fi lè yan ibi tó dára jù, kí ó má jẹ́ pé ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ni yóò borí?

Ọmọ Ònígbólò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ìwọ̀n ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ilẹ̀. Ará Jámánì kan, Alfred Weber, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1909, ohun tó sì tẹnu mọ́ ni pé kí a fi ìwọ̀n ohun tó ń wọlé wé ìwọ̀n ohun tó ń jáde. Bí ohun èlò bá ń fúyẹ́ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ìtòsí ohun èlò náà ni kí ilé-iṣẹ́ wà. Bí ọjà bá ń wúwo sí i, bíi búrẹ́dì tí a fi omi pò, ìtòsí oníbàárà ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tútù tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí márùn-ún ni a fi ń rí tọ́ọ̀nù gàrí kan, èèpo àti omi sì ni ìyókù. Bí ẹ bá ń rin tọ́ọ̀nù 10 lọ́sẹ̀, tí ẹ sì kọ́lé sí Àjàṣẹ́, ẹ ó máa sanwó ọkọ̀ fún tọ́ọ̀nù 10 lójú ọ̀nà kan náà tí ẹ̀ bá fi gbé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2 péré. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí dúdú.

Ẹ wo ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ọ̀dọ̀ wa. Òkúta ẹfun ló gbé e wá sí Ònígbólò, nítorí pé bí wọ́n bá sun òkúta yẹn, ìwọ̀n tó ń bá èéfín lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ̀ẹ́ náà, ìtòsí oko ìrèké ló wà. Lójú tèmi, Àjàṣẹ́ ti jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Mo gbà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú mi ló lé jáde. Ó wá ku ibi tí ẹ ó dúró sí láàárín Kétu àti oko. Ẹ kọ bí abúlé kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí Kétu, ẹ sì kọ ìwọ̀n ẹ̀gẹ́ tó ń ti ibẹ̀ wá. Ká ní ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn wà: abúlé kìn-ín-ní wà ní kìlómítà 4, ó ń mú tọ́ọ̀nù 6 wá. Èkejì wà ní kìlómítà 10, ó ń mú 3 wá. Ẹ̀kẹta wà ní kìlómítà 26, ó ń mú 1 wá. Ẹ sọ kìlómítà kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po tọ́ọ̀nù rẹ̀, ẹ ó rí 24, 30 àti 26, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 80. Ẹ fi tọ́ọ̀nù 10 pín in, kìlómítà 8 ni àárín ìwọ̀n ẹrù yín, ìtòsí ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́lé sí.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Àárín ìwọ̀n kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ibi tí owó ọkọ̀ ti kéré jù. Ní kìlómítà 8 tí ẹ dárúkọ, ẹ ka bí ẹrù kọ̀ọ̀kan yóò ṣe rìn tó, kìlómítà ní ìlọ́po tọ́ọ̀nù: 24, 6 àti 18, àpapọ̀ 48. Ní abúlé kìn-ín-ní gan-an, 0, 18 àti 22 ni, àpapọ̀ 40. Abúlé tó jìnnà jù, tí kò mú ju tọ́ọ̀nù kan wá, ló fa àárín náà mọ́ra ju bó ti yẹ lọ. Bí gbogbo abúlé bá wà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ máa ka tọ́ọ̀nù bọ̀ láti ìpẹ̀kun kan. Ibi tí ẹ bá ti ka ìdajì kọjá ni kí ẹ dúró.

Ọ̀nà míràn tó wọ́pọ̀ ni máàkì fífún: ẹ ó pín 100 fún ọ̀nà, omi, iná, òṣìṣẹ́ àti owó ilẹ̀, ẹ ó sì fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ti ṣe mí léṣe rí. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi yan ilẹ̀ fún iṣẹ́ kajú níbí. Ilẹ̀ náà gba 82, nítorí pé ọ̀nà dára, ilẹ̀ kò wọ́n, iná sì wà nítòsí. Omi nìkan ló gba 5 nínú 15, a sì rò pé àwọn yòókù ti bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, tí kajú ń wọlé, garawa tí a sọ sí kànga gbé ẹrẹ̀ pupa jáde, lẹ́yìn náà kò gbé nǹkan kan mọ́. Orí òkúta ni Ṣábẹ̀ẹ́ wà, bí àwọn òkè wa ti fi hàn. Kànga aládùúgbò lè ní omi kí tìrẹ gbẹ. Omi tí a ń fi ọkọ̀ rà jẹ gbogbo èrè ọdún yẹn.

Láti ìgbà náà, n kì í fún omi ní máàkì mọ́: bó bá wà, a ó tẹ̀síwájú, bí kò bá sí, a ó kọ ilẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń ṣe ìwé ilẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 2013 ti dé. Fún iṣẹ́ tiyín, ẹ fi ibi tí omi ẹ̀gẹ́ yóò ṣàn gbà kún un, nítorí pé oró wà nínú omi náà, ewúrẹ́ tó bá mu ún lè kú, ìjà abúlé sì lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ fún ní máàkì. Kí gbogbo yín sì fẹnu kò lórí bí ẹ ó ṣe pín 100 náà kí ẹnikẹ́ni tó dé orí ilẹ̀, torí ẹni tí ojú rẹ̀ ti wọ ilẹ̀ kan yóò máa wá máàkì fún un ni.

Ìyá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, Kétu

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí àwọn ẹgbẹ́ mi lálẹ́ àná, Àjàṣẹ́ sì ti jáde láìsí ariwo. Ilẹ̀ ojú ọ̀nà Idigny wà ní kìlómítà 5, ó sì súnmọ́ ibi tí ìdajì ẹ̀gẹ́ wa bọ́ sí. Ẹni tó ni ilẹ̀ náà ní omi kì í wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n àsìkò òjò la wà yìí, omi ilẹ̀ Kétu sì jìn. Lọ́tùn-únla, èmi àti ẹni méjì yóò lọ bá àwọn obìnrin abúlé náà, kí a bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi ní oṣù kejì ọdún.